Ọmọ Oṣù Méje ní Ìkòsì

Ojú bọ́tìnnì kẹta ni mo ń fi ọwọ́ rán lára ṣáàtì kan nígbà tí omi ya sí mi lẹ́sẹ̀. Mo mọ̀ pé ìkẹta ni, torí mẹ́fà ni wọ́n ní kí n rán, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lọ́kàn ara mi pé ó ku mẹ́ta. Oyún inú mi kò ju oṣù méje lọ. Mo fi abẹ́rẹ́ há aṣọ náà kó má baà sọnù, mo ká ṣáàtì náà, mo gbé e sórí tábìlì, kí n tó wá sọ fún ọ̀gá mi pé ó dà bíi pé ọmọ ń bọ̀.

Mọ́mì Tóbi ni wọ́n ń pe ọ̀gá mi yìí, ará Ìjẹ̀bú-Igbó. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkòsì. Ó wo ilẹ̀, ó wo mí, ó já tépù kúrò lọ́rùn ara rẹ̀.

"Omi oyún já, ìwọ ń ká aṣọ! Irú ènìyàn wo lẹ̀yin ará Kùtọnu tiẹ̀ jẹ́ gan-an?"

"Àjàṣẹ́ ni mo ti wá, mà."

"Dìde, jàre! Tá a bá bímọ tán, a ó wá máa wo máàpù."

Oṣù mẹ́rin péré ni mo ti lò ní Èkó lọ́jọ́ náà. Àjàṣẹ́ tí mo wí yìí wà ní orílẹ̀-èdè Benin. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti ka ìwé girama, èdè Faransé ni mo sì fi kà á. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ wá sí Ketu ti Èkó, nítòsí Ìkòsì. Táìlì ló ń tẹ́ sílé onílé, àwọn ará Èkó sì gbà pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tẹ́ bí àwa ará òdìkejì ibodè. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó ní kí n máa bọ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni mí nígbà náà, oyún oṣù mẹ́ta sì wà nínú mi, oyún tí a ti ń wá fún ọdún mẹ́sàn-án.

Àmọ̀kẹ́ dé kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Ó kéré débi pé bàbá rẹ̀ ní òun ti gbé táìlì tó wúwo jù ú lọ lọ́wọ́ kan. Ó fi ìyẹn ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọwọ́ méjèèjì ló nà láti gbà á, kò sì lè gbà á.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Èkó. Wọ́n rò pé ariwo ni mo máa sọ, tàbí èrò ọjà Mile 12. Rárá. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nọ́ọ̀sì ní kí n tú bùbá, ó gbé ọmọ náà lé mi láyà ní ìhòòhò, ó sì fi aṣọ di àwa méjèèjì pọ̀ bí ẹni di ẹrù. Ó ní ooru ara mi ni iná tí ọmọ náà yóò máa yá. Nílé wa, ẹ̀yìn là ń pọn ọmọ sí. Ìyá mi pè mí lórí fóònù alàwòrán láti Àjàṣẹ́, ó wò ó títí.

"Kí ló wà láyà rẹ yẹn?"

"Ọmọ yín ni, Ìyá."

"Ṣé àwọn ará Èkó ò lẹ́yìn ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ nìyẹn, ó sì mi ọmọ náà jí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni Àmọ̀kẹ́ fi ṣáájú ọjọ́ tó yẹ kó dé. Dókítà sọ fún mi pé títí yóò fi pé ọmọ ọdún méjì, kí n má ṣe máa fi ọjọ́ tí mo bí i nìkan ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀, kí n tún máa ṣírò ọjọ́ tí ì bá wáyé. Báyìí ni ọmọ mi ṣe ní ọjọ́ orí méjì. Èmi fẹ́ràn kí nǹkan gún régé, nítorí náà mo ń sọ méjèèjì fún ẹnikẹ́ni tó bá bèèrè. Ìyá onílé wa, ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọmọ bíbí Ìkòsì, bi mí pé oṣù mélòó ni ọmọ náà.

"Mẹ́jọ, mà. Àbí ẹ lè pè é ní mẹ́fà."

"Àbí kí ni? Ṣé ẹ̀ ń ná ọjà ni?"

Láti ìgbà yẹn, tí ìyá náà bá ti rí wa lẹ́nu ọ̀nà, á pariwo pé, "Àmọ̀kẹ́ ọlọ́jọ́-orí-méjì! Mélòó lónìí?" Gbogbo àwọn tó ń gbé ilé náà ló wá mọ orúkọ yẹn. Ó dára bẹ́ẹ̀, torí títí di àkókò náà, kò sẹ́ni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Mi ò dá wọn lẹ́bi. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Yorùbá ni mò ń sọ, Yorùbá ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n tèmi ń lọ sókè níbi tí tiwọn ti ń sọ̀ kalẹ̀. Tí mo bá ní kí wọ́n fún mi ní kàyé, wọn ò mọ̀ pé ìwé tí ọmọ fi ń kọ nǹkan ni mò ń sọ. Mo rí i pé kò rọrùn láti jẹ́ àlejò níbi tí èdè rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti onílé. Bí o bá ṣàṣìṣe, wọn kì í sọ pé àlejò ni, wọ́n á ní o ò gbọ́n tó. Nígbà míì, ní ọjọ́ Sunday tí ṣọ́ọ̀bù bá tì, mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí n kan máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn, kí n lè mọ ibi tí ohùn ti ń yí.

Àmọ̀kẹ́ kò ní wàhálà yẹn. Ó pẹ́ kó tó rìn, ṣùgbọ́n ó yá nídìí ọ̀rọ̀. Ní ọmọ ọdún mẹ́ta, ó mọ orúkọ gbogbo oníbàárà Mọ́mì Tóbi, ó sì mọ ẹni tí kò tíì wá gba aṣọ rẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí. Tí a bá ju bọ́ọ̀lù sí i, bọ́ọ̀lù á ti kọjá kó tó pàtẹ́wọ́. Tó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, á máa fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ bí ẹni tó wà nínú òkùnkùn. Tó bá ń bu omi, ẹ̀gbẹ́ ife ló ń dà á sí, á wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ní, "Ilẹ̀, ẹ má bínú."

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan ní ọsibítù, tó jẹ́ pé bí ọmọdé ṣe ń lo ojú àti ọwọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó bá Àmọ̀kẹ́ ṣeré fún nǹkan bíi wákàtí kan. Ó fún un ní ìlẹ̀kẹ̀ kó sín in, ó ya àwòrán kó wò ó ya. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi.

"Mummy, ojú rẹ̀ ríran dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ náà lágbára. Ọ̀nà tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni wọ́n ṣì ń là. Àwọn ọmọ tí kò pé oṣù kí wọ́n tó dé, a máa ń rí i bẹ́ẹ̀ lára ọ̀pọ̀ nínú wọn."

"Ọgbọ́n rẹ̀ ńkọ́, mà?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti bi mí bóyá mo lọ́kọ. Ó ní kí ló dé tí mi ò wọ òrùka. Ẹ̀yin tún ń bi mí nípa ọgbọ́n?"

Ó ní kí n máa fún un ní iṣẹ́ tí ojú àti ọwọ́ á jọ máa ṣe, kí n má sì kánjú. Mo padà sílé pẹ̀lú ayọ̀. Mo ra kàyé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní nọ́ńbà fúnra mi lójoojúmọ́ tí a bá ti ṣọ́ọ̀bù dé. Ó ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ahọ́n rẹ̀ á yọ síta, títí ó fi mọ ọ̀kan dé ogún. Kò sí ohun tí mo tíì ṣe ní Èkó tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún márùn-ún àti oṣù díẹ̀, ilé-ìwé tó ń lọ ní Ìkòsì ṣe ìdánwò fún àwọn tó fẹ́ bọ́ sí Primary One. Ọ̀gá ilé-ìwé ránṣẹ́ pè mí. Tíṣà rẹ̀, Aunty Kẹ́mi, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ló gbé ìwé ìdánwò náà síwájú mi.

"Mummy Àmọ̀kẹ́, ọmọ yín dára o," ni ọ̀gá ilé-ìwé wí. "Gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì mọ nọ́ńbà rárá. Ẹ wò ó. Ọ̀kan rẹ̀ dà bí òrùlé ilé. Ó tún ń fi igi dábùú méje."

"Bákan náà ni àwòrán tí a ní kó wò yà," ni Aunty Kẹ́mi fi kún un. "Igun mẹ́rin, ó yà á bí ẹyin."

Ọ̀gá ilé-ìwé ní àwọn rò pé kó padà sí Nursery Two fún ọdún kan sí i, tàbí kí n wá ilé-ìwé mìíràn, èyí tó wà fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Mo wo ìwé náà. Ọwọ́ mi ni mo rí níbẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ mi ní Àjàṣẹ́: ọ̀kan ní apá gígùn kan tó ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀, méje sì ní igi kékeré láàárín. Tíṣà wa máa ń na ẹni tó bá gbàgbé igi yẹn. Ọmọ mi kọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ, láìfi ẹyọ kan sílẹ̀, Aunty Kẹ́mi sì ti fi bírò pupa fagi lé gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Ẹ ṣé, mà." Mo dìde, mo sì lọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù, Mọ́mì Tóbi rí ojú mi, ó ní kí n sọ ọ́. Mo sọ ọ́. Ó ti ń wá bàtà rẹ̀ kí n tó parí ọ̀rọ̀.

"Mò ń lọ síbẹ̀! Ṣé wọ́n rò pé ọmọ wa ò lẹ́ni ni? Mo máa fi Ìjẹ̀bú bá wọn sọ̀rọ̀ lónìí!"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ. Èmi ni mo máa lọ."

"Ìwọ? Ìwọ tí o ò lè pe owó ìránṣọ fún oníbàárà láìwolẹ̀?"

"Èmi náà ni, mà."

Ní ọjọ́ kejì, mo dé ilé-ìwé náà kí agogo tó lù. Mo ní kí ọ̀gá ilé-ìwé jọ̀wọ́ fún mi ní ṣọ́ọ̀kì. Mo kọ ọ̀kan dé mẹ́wàá sára pátákó, mo sì yípadà. Aunty Kẹ́mi fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Yéè! Bí Àmọ̀kẹ́ ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn!"

"Ọ̀dọ̀ wa, báyìí la ṣe ń kọ ọ́, mà. Èmi ni mo kọ́ ọ. Mi ò mọ̀ pé tiyín yàtọ̀."

Ọ̀gá ilé-ìwé rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Àṣé ọmọ yìí gba gbogbo ẹ̀! Aunty Kẹ́mi, ẹ lọ fún un ní máàkì rẹ̀. Mummy, ó ti tán. Ó ń lọ sí Primary One."

Ó yẹ kí n dúpẹ́ kí n sì máa lọ. Ṣùgbọ́n mo rántí igun mẹ́rin tó dà bí ẹyin, mo sì mọ̀ pé nọ́ńbà kọ́ ló fa ìyẹn. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ mi á wọ kíláàsì níbi tí wọn ò ti mọ ohun tó ń ṣe é. Wọ́n á ní ọ̀lẹ ni, wọ́n á ní kò fetí sílẹ̀.

"Kò tíì tán, mà," ni mo wí. "Ẹ̀bi mi ni nọ́ńbà. Ti àwòrán yẹn, òótọ́ ni. Ọmọ oṣù méje ni. Ó mọ ohun tó rí, ọwọ́ rẹ̀ ló ń pẹ́ kó tó débẹ̀."

Mo sọ gbogbo ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu obìnrin ọsibítù náà fún un. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ìgbà tí mo ti dé Èkó. Nígbà tí mo parí, ọ̀gá ilé-ìwé kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kí n mú ọmọ náà padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn ọlidé, òun fúnra òun á wò ó, òun á sì pinnu.

"Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ẹ," ni Mọ́mì Tóbi kígbe nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, "o tún lọ tì í padà! Háà! Ẹ wá wo obìnrin!"

Mo pe ìyá mi, mo rò ó fún un. "O ṣe é dáadáa," ni ó wí. "Ẹni tí kò bá mọ ibi tí ẹrù ti wúwo, kò lè bá ọmọ gbé e. Ṣùgbọ́n má sùn o."

A ò sùn. Bàbá Àmọ̀kẹ́ ń kó àfọ́kù táìlì bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó gé wọn sí igun mẹ́ta àti igun mẹ́rin, ó sì ha etí wọn kó má baà gé e lọ́wọ́. Tọmọ-tòun á dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ yàrá, wọ́n á máa tò wọ́n.

"Dádì, èyí ò fẹ́ràn èyí."

"Yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ti fẹ́ràn rẹ̀?"

"Ó ti ń rẹ́rìn-ín sí i díẹ̀."

Ní ṣọ́ọ̀bù, Àmọ̀kẹ́ ń ṣa bọ́tìnnì dúdú kúrò lára funfun. Èmi náà sì ya súwè síwájú ìta, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè mọ ibi tó ń bọ́ sí. Kò fẹ́ dá a fò, ó ní àfi kí n kọ́kọ́ fò. Mo ká ìró mi sókè, mo fò. Mọ́mì Tóbi ní mò ń fò bí adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Ó bọ́ bàtà, òun náà fò, ó tẹ ìlà mẹ́ta. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró, èrò inú rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún wa. Ọdún márùn-ún ni mo ti fi ń rìn ní àdúgbò yẹn bí ẹni tó ń tọrọ ààyè kọjá. Lọ́jọ́ náà, mo fò lórí ẹsẹ̀ kan lójú gbogbo ayé, ojú kò sì tì mí. Bí wọ́n bá bi mí pé ọjọ́ wo ni mo di ará Ìkòsì, ọjọ́ yẹn ni.

Èmi àti ọmọ mi la jọ kọ́ bí a ṣe ń kọ méje láìfi igi dábùú u. Ó dùn mí díẹ̀ láti yọ igi yẹn kúrò, bíi kí ènìyàn yọ ilà kúrò lójú ẹbí rẹ̀. Àmọ̀kẹ́ ló tù mí nínú. Ó ní, "Mọ́mì, èyí ni méje ilé-ìwé. Tọ̀hún, méje ilé ni." Ó ń kọ méjèèjì di òní.

Ọjọ́ náà pé. Ọ̀gá ilé-ìwé jókòó ti Àmọ̀kẹ́, ó fún un ní pẹ́ńsùlù. Èmi wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ọwọ́ mi méjèèjì lábẹ́ itan. Ó ya róbótó, ó pé. Ó ya igun mẹ́rin, ó wọ́, ṣùgbọ́n igun mẹ́rin ni. Ó dé orí igun mẹ́ta. Ó fa ìlà kan, ó fa èkejì, ó wá dúró. Ó dúró pẹ́. Aunty Kẹ́mi fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀gá ilé-ìwé gbé ọwọ́ sókè sí i.

"Kí ló dé, Àmọ̀kẹ́?"

"Igun kẹta ò tíì dé, mà. Ó wà lọ́nà."

"Ó ti dé ibo báyìí?"

Ọmọ náà ronú. "Ó ti dé ibùdókọ̀ Alápẹ̀rẹ̀."

"Ó dáa. A ó dúró dè é."

A dúró. Mo gbọ́ ohùn àwọn tó ń fọ ilẹ̀ kíláàsì kejì. Lẹ́yìn náà, Àmọ̀kẹ́ yọ ahọ́n síta, ó fa ìlà kẹta. Àwọn ìlà náà kò kanra délẹ̀. Àlàfo kékeré kan wà níbẹ̀ tí èèrà lè gbà kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i á mọ ohun tó jẹ́.

Ọ̀gá ilé-ìwé gbé ìwé náà sókè síwájú fèrèsé, ó wò ó dáadáa. Ó sọ fún Aunty Kẹ́mi pé kó fún Àmọ̀kẹ́ ní ìjókòó iwájú, kó fún un ní ìwé onílà fífẹ̀, kí wọ́n sì máa fún un láàyè kó parí. Ó wá kọ orúkọ ọmọ mi sínú rẹ́jísítà Primary One, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kà á tẹ̀lé e lọ́kàn. Mo kúnlẹ̀ láti dúpẹ́. Ó fà mí dìde, ó bojú wo ẹsẹ̀ Àmọ̀kẹ́, ó ní:

"Mummy, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra bàtà ilé-ìwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra olókùn, èyí tí wọ́n kàn ń lẹ̀ mọ́ra ni kí ẹ rà, a ó kọ́ ọ ní okùn síso nígbà tí okùn náà bá dé."